Òkúta Àna ní Òkè Olódi

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Oṣù Kejìlá, 1959

Ìwé ọmọ kíláàsì mi kan nìyí. Ó lò ó dé ìdajì, ó fi sílẹ̀. Èmi Bọ́láwùmí, tíṣà àwọn ọmọ kékeré, ni mo jí i. Kí Ọlọ́run forí jì mí. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú mi, kò sì sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún ní Mọ́kọ́lá yìí tí kò ní ti dé Sábó kí n tó dé ilé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Olúrótìmí wá sílé wa lánàá. Onírúlà ni màá máa pè é níhìn-ín. Ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀ ló wà, òun ló ń fi rúlà fa ilà àwọn ilé tuntun tí ìjọba ń kọ́ sí Bódìjà. Ọmọ Èkìtì ni. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, bàtà aláwọ rẹ̀ máa ń dán ju ojú mi lọ. Ó wá sọ fún Bàbá pé àwọn ẹbí òun fẹ́ wá ṣe ìdána ní ọjọ́ kejì oṣù kìn-ín-ní.

Díákónì gbọ́ ọ dópin. (Bàbá mi nìyẹn. Télọ̀ ni ní Dùgbẹ̀, díákónì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n inú ilé ni díákónì rẹ̀ ti le jù.) Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní kò burú. Ó ní ṣùgbọ́n ọmọbìnrin ìdílé Màámi kì í lọ sílé ọkọ láìjẹ́ pé ọkọ gbé òkúta gun Òkè Olódi.

Onírúlà rò pé òwe ni. Ó rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, 3 Oṣù Kejìlá

Bí Díákónì ṣe ṣàlàyé rẹ̀ nìyí. Láyé ogun, àwọn baba ńlá Màámi sá gun òkè. Wọ́n fi òkúta mọ odi dí ọ̀nà kan ṣoṣo tó wọ ibẹ̀. Ẹni tó bá sá wá bá wọn, wọn kì í béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀ ju pé kó gbé òkúta kan láti inú odò ìsàlẹ̀ wá, kó fi kún odi. Ó ti di ará ilé nìyẹn. Ogun tán, àṣà kò tán, ó kù sọ́rùn àwọn àna. Ọkùnrin tó bá fẹ́ ọmọ Olódi gbọ́dọ̀ gbé òkúta láti inú odò, òun nìkan, òkúta náà kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ títí ìyá àgbà yóò fi gbà á. Bí ìyá àgbà bá tẹ́ ẹ sínú odi, ó ti gba àna. Bí kò bá tẹ́ ẹ, kí ọkọ máa lọ sílé.

Ìyá àgbà náà ni ìyá Màámi. Màmá Òkè la ń pè wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mo wà tí mo rí wọn kẹ́yìn, nígbà tí Màámi mú mi lọ.

Díákónì gbé tirẹ̀ ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Ọdọọdún la ń gbọ́ ìtàn rẹ̀ ní Kérésìmesì. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje, òkúta náà tó orí ọmọ ọwọ́. Nígbà tí mo gba ìwé ẹ̀rí tíṣà, ó ti tó ìkòkò. Lọ́dún tó kọjá, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àmù. Bí Díákónì bá sì ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, Màámi a dìde lọ wo ohun tó wà lórí iná. Nígbà mìíràn iná ti kú.

Ọjọ́ Àìkú, 6 Oṣù Kejìlá

Onírúlà ti ń múra sílẹ̀. Bó bá parí iṣẹ́, á gbé búlọ́ọ̀kù kan láti òpin kan Bódìjà dé òpin kejì, á tún gbé e padà. Lọ́jọ́ Ẹtì, máìgádì mú un pé ó ń jí búlọ́ọ̀kù ìjọba. Ó ṣàlàyé pé ìyàwó lòun fẹ́ fi fẹ́. Máìgádì ní irú irọ́ yìí, òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí láti Kánò wá.

Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ ń dùn mí. Ó bínú sí mi fún ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 Oṣù Kejìlá

Mo ra bàtà kánfáàsì fún un ní Dùgbẹ̀. Funfun, rọ́bà abẹ́ rẹ̀ nípọn. Ó wò ó bí ẹni pé mo fún un ní bàtà ọmọ ilé-ìwé. Ó ní bàtà aláwọ òun lágbára, pé wọ́n rán an ni, wọn kò lẹ̀ ẹ́. A jà díẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n tuntun sí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rí wa, gbogbo wọn ń wo àwòrán. Mo fi bàtà náà sínú ẹrù ara mi. Orí kunkun rẹ̀ á rọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Kejìlá

Ọjọ́ ìdìbò. Díákónì kò sọ ẹni tó dìbò fún, Màámi náà kò sọ.

Ọjọ́rú, 16 Oṣù Kejìlá

Ilé-ìwé ti parí. Bọ̀dá Àjàgbé dé láti Olódi, ọmọ ẹ̀gbọ́n Màámi. Ó kó iṣu wá tà ní Mónìyà, òun ló máa mú wa lọ. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó wo Onírúlà láti orí dé ẹsẹ̀, ó dúró pẹ́ níbi ẹsẹ̀. Ó ní, “Hẹn-ẹn.” Ó wá jókòó ti oúnjẹ rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 18 Oṣù Kejìlá

Bọ̀dá Àjàgbé ní ká lọ lónìí. Díákónì ní a kì í bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò lọ́jọ́ Ẹtì. Díákónì! Mo bi í pé ibo ló wà nínú Bíbélì. Ó ní kí n lọ fọ àwo.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Oṣù Kejìlá

Ọ̀la ni. Màámi di iyọ̀, kẹrosíìnì àti aṣọ òtútù fún ìyá rẹ̀. Ó fẹ́ sọ nǹkan fún mi ní ìdí ẹrù, ó la ẹnu, ó pa á dé. Ó wá ní kí n má jẹ́ kí iyọ̀ rin.

Ẹ̀rù ń bà mí. Mo fẹ́ràn Onírúlà, mo kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, kò sẹ́ni tó máa kà á. Bí Màmá Òkè kò bá tẹ́ òkúta rẹ̀, Díákónì kò ní gba ìdána, bí mo bá sunkún di odò. Mo mọ bàbá mi. Ọ̀rọ̀ tó bá ti sọ, ó ti rán an nìyẹn, kì í tú u.

Ọjọ́ Ajé, 21 Oṣù Kejìlá

Lọ́rì láti Mónìyà. Eruku. A jókòó lórí àpò iyọ̀ pẹ̀lú ewúrẹ́ méjì tó ń jẹ etí fìlà Onírúlà. A sùn ní ìlú ìsàlẹ̀ òkè, ilé ìbátan Bọ̀dá Àjàgbé. Mo rí òkè náà kí oòrùn tó wọ̀. Mo gbàgbé pé ó ga tó yẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Oṣù Kejìlá

Ilé Màmá Òkè. Ẹ̀bá ààrò ni mo ti ń kọ èyí, ilẹ̀ ò tíì ṣú tán.

A dé odò ní kùtùkùtù. Omi kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Òkúta ibẹ̀ dúdú, ó ń dán, omi ti fọ gbogbo igun rẹ̀ kúrò. Onírúlà ń yan òkúta bí ẹni ń yan iṣu. Mo ní kó mú èyí tó mọ níwọ̀n. Ó ní rárá, Díákónì ò ní fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbogbo Kérésìmesì tó kù láyé òun. Ó gbé ọ̀kan tó tó orí àgbò. Bọ̀dá Àjàgbé ní, “Hẹn-ẹn,” ó gbé ẹrù wa sórí, ó sì ṣíwájú. Kò pẹ́ tí a ò fi rí i mọ́.

Wákàtí àkọ́kọ́ dára. Onírúlà tilẹ̀ ń kọrin. Ní wákàtí kejì, orin tán. A dé ibi tí ẹsẹ̀ àwọn ará àtijọ́ ti gbẹ́ àtẹ̀gùn sára àpáta, ó ń yọ̀, bàtà aláwọ náà sì ń ké kiríkiri. Mo ní kó wọ kánfáàsì. Ó ní ó kù díẹ̀. Kò tíì sọ ọ́ tán tó fi ìdí jókòó. Òkúta fò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbọ́ ọ, gbì, gbì, gbì, ó ń yí lọ sínú kòtò, títí n kò fi gbọ́ ọ mọ́. Bàtà tí wọ́n rán, tí wọn kò lẹ̀, la ẹnu gbàgà.

Kò bú, kò kígbe. Ó dìde, ó gbọn ìdí ṣòkòtò rẹ̀, ó ní òun ń padà sí odò. Mo wẹ̀yìn wò. Odò ti kéré bí okùn. Awọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó, ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Mi ò lè wò ó. Mo yọ òkúta kan lẹ́bàá ọ̀nà, aláwọ̀ ilẹ̀, ewé àpáta gbígbẹ wà lára rẹ̀. Mo ní kó gbé èyí. Ó ní kì í ṣe ti odò. Mo ní òkúta ni òkúta ń jẹ́. Ó kọ̀. Mo ní bó bá fẹ́ kú lórí òkè, kó sọ fún mi kí n lọ wá ọkọ mìíràn. Mo sunkún pẹ̀lú, èyí tí mo fi ń ṣẹ́gun àwọn alábòójútó ilé-ìwé. Ó gbé e. Ó ń gbé e lọ níwájú mi títí a fi dé òkè.

Odi náà ṣì dúró. Ó ga ju Onírúlà méjì lọ, òkúta lórí òkúta, kò sí amọ̀ láàárín. Àlàfo kan ṣoṣo ló wà, ẹ̀gbẹ́ lèèyàn fi ń wọlé. Níbẹ̀ ni Màmá Òkè jókòó sí lórí ẹní, wọ́n ń dúró dè wá. Wọ́n ti kéré, ẹ̀yìn wọn ti tẹ̀, ṣùgbọ́n ojú wọn! Wọ́n gba òkúta. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n ní, “Ọyẹ́ ọdún yìí mà le o. Ó gbẹ omi kúrò lára òkúta pátápátá.”

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà. N kò gbé ojú sókè.

Wọn kò tẹ́ ẹ sínú odi. Wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ní ká wá jẹun. Ilé mọ́kànlá péré ló kù níbí, àwọn tó kù ti bá ilé-ìwé àti ọ̀nà mọ́tò lọ sí ìsàlẹ̀. Wọ́n gún iyán fún wa. Wọ́n fún Onírúlà ní ẹran tó tóbi jù nínú ìkòkò. Ẹran yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Ọjọ́rú, 23 Oṣù Kejìlá

Kí n rọra kọ ọ́ létòlétò.

Ní òwúrọ̀ Màmá Òkè pè wá sí odi. Wọ́n tọ́ka sí òkúta wa. Wọ́n béèrè pé ta ló ní ká mú òkúta orí òkè wá.

Onírúlà dọ̀bálẹ̀. Ó ní, “Èmi ni, Mà.”

Ẹnu mi yára ju ẹ̀rù mi lọ. Mo ní irọ́ ló ń pa, pé òun ní òun á padà, èmi ni mo kọ̀. Òun ní rárá, òun ni. Mo ní èmi ni. A fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lórí ẹni tó ṣẹ̀. Nígbà tí mo wo ojú Màmá Òkè, èjìká wọn ń mì. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, ẹ̀rín tí kò ní ohùn.

Wọ́n ní kí ló dé tí èmi kò bá a gbé e. Mo ní Bàbá ló sọ pé òun nìkan. “Òun nìkan kẹ̀? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Nígbà ogun, ta ló ń dá nǹkan gbé? Bó bá rẹ ọkọ, ìyàwó a gbà á. Bó bá rẹ ìyàwó, ọkọ a gbà á. Kó má ṣáà ti kan ilẹ̀.” Díákónì ló fi “òun nìkan” sí i, kí ìtàn rẹ̀ lè dùn!

A tún sọ̀ kalẹ̀. Onírúlà wọ kánfáàsì láìjẹ́ kí n sọ̀rọ̀. A mú òkúta tó mọ níwọ̀n, dúdú, tó ń dán. Mo ká òṣùká, mo rù ú dé ibi àtẹ̀gùn. Ó gbà á, ó gbé e kọjá. Nígbà tó fẹ́ mumi, mo gbé e. Nígbà tí mo fẹ́ sín, ó sáré gbà á lórí mi. A kò sinmi bíkòṣe bí ẹnì kan ṣe ń gbà á lọ́wọ́ ẹnì kejì. Ó tilẹ̀ tún kọrin. Ohùn rẹ̀ kò dára, mi ò sọ fún un.

Màmá Òkè gbà á. Iyanrìn odò ṣì wà lára rẹ̀. Bọ̀dá Àjàgbé gbé wọn lápá, àwọn fúnra wọn sì tẹ́ ẹ sínú odi, wọ́n fi ọwọ́ lù ú lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n wo Onírúlà, wọ́n ní, “O ti di ará ilé.” Mo sunkún, èyí kì í ṣe ti alábòójútó.

Inú wọn dùn, wọ́n wá ń fi òkúta hàn wá. Èyí ni ti ọkọ àwọn. Èyí ni ti ọkọ Àtọ́kẹ́, ọmọ wọn àkọ́kọ́. A dé igun kan. Wọ́n ní, “Ti bàbá rẹ nìyí.”

Mo wò ó. Aláwọ̀ ilẹ̀. Ewé àpáta gbígbẹ. Òkúta orí òkè! Kò ju orí ọmọ ọwọ́ lọ. Ìtàn tí mo gbọ́ lọ́mọ ọdún méje nìkan ló súnmọ́ òótọ́.

Bọ̀dá Àjàgbé ní, “Hẹn-ẹn.”

Màmá Òkè ní láti ọjọ́ náà làwọn ti mọ̀. Ojú Màámi làwọn wò táwọn fi tẹ́ ẹ. Àwọn rò pé bó bá di ìkórè, ó máa padà wá gbé ti odò. “Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó fi aṣọ ránṣẹ́, ó fi iyọ̀ ránṣẹ́. Kò gbé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ojú ló ń tì í, èmi ò sì bínú.” Ohùn wọn rẹlẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí Díákónì ní iṣẹ́ pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, tó ní orúnkún ń dun òun, mo gbà á gbọ́.

Wọ́n ní kí Bọ̀dá Àjàgbé yọ òkúta náà. Wọ́n fi aṣọ dì í. Wọ́n rán mi níṣẹ́ ẹnu sí Díákónì, mo sì há iṣẹ́ náà sórí.

Ọjọ́bọ̀, 24 Oṣù Kejìlá

Lọ́rì. Eruku. Onírúlà gbé ẹrù Díákónì lé itan láti ìsàlẹ̀ òkè títí dé Mọ́kọ́lá. Mo ní kó gbé e sílẹ̀. Ó ní ó ti mọ́ òun lára. Díákónì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí a dé. Mo sọ fún Màámi pé wọ́n tẹ́ ẹ, ó dì mọ́ mi. Mi ò sọ èyí tó kù.

Ọjọ́ Ẹtì, 25 Oṣù Kejìlá

Kérésìmesì. A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a jẹ ìrẹsì, a jẹ adìẹ. Onírúlà wà pẹ̀lú wa. Díákónì yọ̀ pé wọ́n tẹ́ òkúta, ó bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Lọ́dún yìí, òkúta rẹ̀ ti ju àmù lọ. Màámi dìde, ó lọ wo ohun tó wà lórí iná.

Onírúlà ń wo bàtà ara rẹ̀. Mo gbé ẹrù jáde, mo kúnlẹ̀, mo ní Màmá Òkè ló fi ránṣẹ́. Díákónì ní oyin ni. Ó tú u.

Òkúta rẹ̀ ni ó bá níbẹ̀. Asọ̀rọ̀mágbèsì ń kọrin Kérésì lára ògiri. Mo jẹ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán mi: kó dá èyí padà síbi tó ti mú un, kó gbé ti odò wá, kó tètè wá, nítorí àwọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ, àwọn kò sì fẹ́ fi àlàfo sílẹ̀ nínú odi.

Iṣan ọrùn Díákónì dìde. Mo sọ nínú ọkàn mi pé ìdána ti bàjẹ́. Ta ni yóò fi ọmọ fún ọkùnrin tó fojú rí ìtìjú rẹ̀?

Ìgbà náà ni Màámi ti ilé ìdáná jáde, ìpọnbẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Èmi ni mo ní kó mú un. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó ní òun á padà sí odò, èmi ni mo kọ̀.”

Ọ̀rọ̀ tí èmi náà sọ níwájú odi! Mo wo Onírúlà, ó ti ń wò mí tẹ́lẹ̀.

Díákónì ní, “Ìyá Bọ́lá, ṣèbí a jọ sọ pé o ò ní sọ fẹ́nikẹ́ni.” Màámi ní òun ti dákẹ́ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ìyá òun ò sì lè dúró de àwọn méjèèjì mọ́.

Díákónì gbé òkúta náà yí lọ́wọ́, ó yí i bọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀, tó nu ojú. Ó bi Onírúlà pé, “Ìwọ padà sí odò?” Onírúlà ní, “Àwa méjèèjì ni, Sà.” Díákónì mi orí. Ó ní kí àwọn ẹbí rẹ̀ máa bọ̀ lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n má ṣe pẹ́, nítorí òun ní ìrìn-àjò lọ́jọ́ kẹrin. Màámi ní, “A ní ìrìn-àjò.”

Bí mo ti ń kọ èyí, gbogbo wọn wà ní pálọ̀. Díákónì ń wọ bàtà kánfáàsì Onírúlà wò. Ó ní ó fún òun díẹ̀ ní àtàǹpàkò. Màámi ní á ti rọ̀ kí àwọn tó dé odò.